Yàrá Tó Ń Jẹ́ Ìkíni: Lámèyítọ́ Iṣẹ́ Myron Krueger

Ère igi kì í yí padà nítorí pé a wọlé tọ̀ ọ́. A lè rìn yí i ká, ká wo ojú, ká wo ìpàkọ́, ká sì sọ ibi tí ọwọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ti dán jù. Iṣẹ́ ọnà kọ̀ǹpútà tó ń yí padà bí òǹwòran ṣe ń gbé ẹsẹ̀ kò gba irú àyẹ̀wò yẹn. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ tí a máa ń gbọ́ nípa rẹ̀ kì í sábà ju àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti ẹwà àwòrán lọ. Èrò tèmi ni pé ibi tí kò yẹ ni a tẹjú mọ́. Ẹ̀rí mi ni iṣẹ́ Myron Krueger, ará Amẹ́ríkà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní Yunifásítì Wisconsin ní Madison, tó sì tún ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Connecticut. Ohun tó fi ọdún pípẹ́ lépa ni pé ìdáhùn tí ẹ̀rọ ń fún ènìyàn gan-an ni ọnà. Àwòrán kàn ni ẹṣin tí ìdáhùn ń gùn.

Àṣeyọrí kọ́ ló fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1969, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Dan Sandin wà lára wọn, gbé GLOWFLOW kalẹ̀ ní Madison. Yàrá tó ṣókùnkùn ni. Wọ́n to ọ̀pá tí omi aláwọ̀ tó ń tàn nínú òkùnkùn ń gbà kọjá mọ́ ara ògiri, wọ́n sì fi ohun tó ń mọ ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ẹsẹ̀ sí ilẹ̀. Bí ènìyàn bá tẹ ibì kan, kọ̀ǹpútà yóò mọ̀, ìmọ́lẹ̀ tàbí ìró yóò sì yí padà. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ìdáhùn falẹ̀, kí àwọn ènìyàn má baà máa sáré kiri, kí ìdákẹ́jẹ́ yàrá náà má baà bàjẹ́. Ó lẹ́wà lóòótọ́. Àmọ́ ọ̀pọ̀ ló wọlé tó sì jáde láìmọ̀ pé yàrá náà ń dá wọn lóhùn. Ẹni tó kí onílé kú ilé, tí onílé ò jẹ́ ẹ títí àlejò fi dé oríta, kò ní gbà pé wọ́n jẹ́ ìkíni òun. Ẹ̀kọ́ tí Krueger mú kúrò níbẹ̀ nìyẹn: ìdáhùn tí kò bá hàn sí ẹni tó fà á, kì í ṣe ìdáhùn.

Ọdún kejì ni ọ̀nà là, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ èèṣì. Nínú METAPLAY, Krueger jókòó sí ìdí kọ̀ǹpútà ní ilé mìíràn, ó ń fi kálàmù ẹ̀rọ ya ìlà sórí àwòrán fídíò àwọn tó wọ yàrá ìṣàfihàn. Àwọn náà ń rí ara wọn àti ìlà náà lójú kan. Ó fẹ́ ya nǹkan sórí ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà rú ọmọ náà lójú, ó gbé ọwọ́ kúrò. Krueger pa ìlà rẹ́, ó tún un yà níbi tí ọwọ́ lọ. Ọwọ́ tún sún. Kò pẹ́ tó fi di eré: kí ìlà tó parí, ọwọ́ á ti kúrò. Nígbẹ̀yìn, Krueger kàn ń fi ìlà tẹ̀ lé ọwọ́ náà káàkiri ni, àfi bí ẹni pé ọmọ náà ń fi ọwọ́ lásán kọ nǹkan sínú afẹ́fẹ́. Ìlà yẹn kò lẹ́wà rárá bí a bá yọ ọ́ sọ́tọ̀. Ohun tó níye lórí ni àdéhùn tó wáyé láàárín ẹni méjì tí wọn kò rí ara wọn lójúkojú.

Àtakò kan wà tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Àwọn kan á ní gbogbo ohun tí òǹwòran lè ṣe ni oníṣẹ́ ti kọ sínú kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀, pé ibi tí okùn mọ ni ewúrẹ́ ti ń jẹ, òmìnira dà níbẹ̀? Mo gbà pé okùn wà. Ṣùgbọ́n ẹ wo PSYCHIC SPACE, ní 1971. Bí ènìyàn ṣe ń rìn nílẹ̀, àmì rẹ̀ ń rìn láàárín ọ̀nà kọ́rọkọ̀rọ lójú àwòrán. Bó bá fẹ́ yan ògiri jẹ, kó gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀, ògiri lè nà tẹ̀ lé e, tàbí kí ọ̀nà náà yí padà. Ẹni tó ṣe òfin yìí ti ro àìgbọràn mọ́ ọn. Àyàn náà ní ẹyọ ìlù tó ti kọ́ látilé. A kì í torí ìyẹn sọ pé kò gbọ́n. Bó ṣe gbá ẹsẹ̀ oníjó mú ni a fi ń yìn ín.

Àwọn mìíràn á ní iṣẹ́ ẹlẹ́rọ lásán ni. Lóòótọ́, níbi àpérò CHI ti 1985, láàárín àwọn tó ń wádìí àjọṣe ènìyàn àti kọ̀ǹpútà, ni Krueger ti ṣàlàyé VIDEOPLACE, níbi tí kámẹ́rà ti ń ka òjìji ara, tí ènìyàn sì lè fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ọwọ́ méjèèjì tẹ ìlà bó ṣe wù ú. Bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ kan náà ló gba Golden Nica, ẹ̀bùn iṣẹ́ ọnà kọ̀ǹpútà, ní ìlú Linz ní 1990. Èmi ò rí ìjà níbẹ̀. Krueger ṣe ẹ̀rọ tirẹ̀ nítorí pé kọ̀ǹpútà ìgbà náà kò yára tó láti bá ara rìn. Ìfàsẹ́yìn díẹ̀ péré ti tó láti pa iṣẹ́ náà. Wàhálà ẹlẹ́rọ àti wàhálà ọlọ́nà di ọ̀kan.

Pé ìdáhùn gan-an ni ọnà náà ló mú kó ṣòro fún wa láti ṣe lámèyítọ́ iṣẹ́ yìí lónìí. Nínú VIDEOPLACE, CRITTER, ẹ̀dá kékeré aláwọ̀ ewé, máa ń gun òjìji ènìyàn, á sì jó bó bá dé orí. Ọ̀pọ̀ nínú wa, fíìmù rẹ̀ nìkan la lè rí. A ń wo ijó náà lórí ẹlòmíràn. Bí a bá sì na ọwọ́ sí i, kò ní fò mọ́ wa.