Ta Ni Ń Mú Ayé Gbóná? Àyẹ̀wò Èdè Tí A Fi Ń Kìlọ̀

Mo fẹ́ kí a jọ gbé ọ̀rọ̀ kan yẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ tí ó wà lẹ́nu púpọ̀ ènìyàn lóde òní ṣùgbọ́n tí ó yé ènìyàn díẹ̀. Ọ̀rọ̀ ooru tí ń pọ̀ sí i láyé ni. Kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ ni mo fẹ́ ṣe àríwísí lé lórí, nítorí pé ìyẹn ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Èdè Yorùbá tí a fi ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn ènìyàn wa ni.

Ní ọdún 2023 mo bá àwọn olùkọ́ni kan lọ sí abúlé àwọn àgbẹ̀ kòkó kan. Ọ̀mọ̀wé ni ẹni tí ó bá wọn sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ sì dùn. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ayé ti gbóná, ó sì tún ń gbóná sí i." Gbogbo wọn mi orí. Ìyá àgbà kan dáhùn pé, "Òótọ́ lo sọ, ọmọ mi. Kí Olódùmarè bá wa tù ú." Wọ́n ṣe àmín. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́. Ta ni kò mọ̀ pé bí Yorùbá bá ní ayé gbóná, ìnira, ọ̀wọ́n oúnjẹ àti ìjà ni ó ń sọ? Ọ̀mọ̀wé ń sọ̀rọ̀ èéfín. Ọ̀rọ̀ ìpọ́njú ni àwọn ará abúlé ń gbọ́. Àdúrà ni wọ́n gbà, wọn kò sì ṣàṣìṣe, nítorí àdúrà ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ máa ń bèèrè lọ́wọ́ ẹni.

"Ìyípadà ojú ọjọ́" tí a ń gbọ́ lórí rédíò kò sàn jù ú lọ. Ojú ọjọ́ ti ń yí padà láti ìgbà ìwáṣẹ̀: ọyẹ́ a lọ, òjò a dé. Ẹ wo gbólóhùn méjèèjì dáadáa: ayé gbóná, ojú ọjọ́ yí padà. Kò sí ẹni tí ó ṣe é níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni èdè wa mọ bí a ti ń fi olùṣe hàn: omi gbóná, a gbé omi kaná, igi ṣubú, a gé igi lulẹ̀. Bí a bá yọ olùṣe kúrò nínú gbólóhùn, a ti yọ àtúnṣe kúrò nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí ó kan ohun tí ó fa ooru náà, ọ̀mọ̀wé wa ní ayé dà bí ilé gíláàsì tí àwọn òyìnbó ń gbin ewébẹ̀ sí. Àwọn àgbẹ̀ wo ojú ara wọn. Àkàwé tí ó tún nílò àkàwé mìíràn kì í ṣe àkàwé. Aṣọ ìbora ni èmi ì bá lò. Afẹ́fẹ́ tí ó yí ayé ká dà bí aṣọ tí a fi bo ẹni tí ó sùn lásìkò ọyẹ́. Oòrùn ń mú ilẹ̀ gbóná, ilẹ̀ náà sì ń tú ooru jáde padà. Díẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ náà, pàápàá èyí tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù dayọkísáìdì, ni kì í jẹ́ kí gbogbo rẹ̀ lọ. Bí kò bá sí aṣọ náà rárá, òtútù ì bá pa wá. Ṣùgbọ́n bí a bá ń kó aṣọ lé aṣọ lórí ẹni tí ó sùn ńkọ́? Yóò làágùn, ara rẹ̀ yóò sì gbóná bí ẹni tí ibà ń ṣe. Èédú, epo rọ̀bì àti gáàsì tí a ń sun, àti igbó tí a ń pa run, ni aṣọ tí a ń kó lé e. Kí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ tó gbòde, kábọ́ọ̀nù dayọkísáìdì kò ju bí 280 lọ nínú mílíọ̀nù kan ìpín afẹ́fẹ́. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958, ó ti di bí 315. Ní ọdún 2024 ó ti kọjá 420.

Àkàwé yìí ń bi wá ní ohun tí "ayé gbóná" kò lè bi wá: ta ni ń kó aṣọ lé e? Ibẹ̀ ni mo ti rí àṣìṣe kejì. Ọ̀mọ̀wé wa ní kí àwọn àgbẹ̀ dín ọkọ̀ wíwà kù, kí wọ́n sì gbin igi. Ẹsẹ̀ ni àwọn wọ̀nyí fi ń rìn lọ sóko, abẹ́ igi ni wọ́n sì jókòó sí tí wọ́n ń gbọ́ ọ! Bí a bá pín èéfín epo, èédú àti gáàsì ọdún kan kárí àwọn ọmọ Nàìjíríà, ti ẹnì kan kò tó tọ́ọ̀nù kan. Ti ọmọ Amẹ́ríkà kan ju tọ́ọ̀nù 13 lọ. Àwọn baba wa ní ẹni tí ó da eérú ni eérú ń tọ̀. Eérú tiyìí ń fò kọjá ẹni tí ó dà á, ojú aládùúgbò ni ó ń fẹ́ sí. Ní ọdún 2022 omíyalé pa ènìyàn tí ó ju 600 lọ ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nílé. Àwọn onímọ̀ tí ó yẹ òjò ọdún náà wò rí i pé ooru ayé wà lára ohun tí ó mú kí ó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ǹjẹ́ kí àwa wá káwọ́ lẹ́rán? Rárá o. Ṣùgbọ́n kí a bẹ̀rẹ̀ láti ilé àwa tí a ń kìlọ̀. Lítà bẹntiróòlù kan kò wúwo tó kílò kan. Síbẹ̀, bí a bá sun ún, kábọ́ọ̀nù dayọkísáìdì tí ó ń tú jáde ju kílò méjì lọ, nítorí pé ó ń fa ọ́ksíjìn inú afẹ́fẹ́ mọ́ra bí ó ti ń jó. Ẹni tí ó bá sun lítà márùn-ún nínú jẹnẹrétọ̀ lóru ọjọ́ kan ti kó ju kílò 11 lé aṣọ náà kí ilẹ̀ tó mọ́. Yàrá mẹ́rin tí ó ní jẹnẹrétọ̀ mẹ́rin lè jọ lo ẹyọ kan. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a lè ra sólà. A lè pa ẹ̀rọ amúlétutù nígbà tí kò sí ẹnikẹ́ni nínú ọ́fíìsì. Oúnjẹ tí a dànù, tí ó ń jẹrà lábẹ́ òkìtì ààtàn, ń tú gáàsì mẹ́téènì jáde, èyí tí agbára rẹ̀ láti há ooru mọ́ ju ti kábọ́ọ̀nù dayọkísáìdì lọ fíìfíì. Kí a má se ju èyí tí a óò jẹ lọ.

Fún àgbẹ̀, ohun tí ó bá a mu ni kí a sọ fún un: kí ó dá igi ńlá sí láàrin kòkó rẹ̀, kí ó yé fi iná sun igbó láìnídìí, kí ó sì fi amọ̀ yí ààrò rẹ̀ ká kí ó má baà máa jẹ igi púpọ̀. A kì í sì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá: ẹnu tí a fi ń bá àgbẹ̀ wí yẹ kí ó lè bá ìjọba àti àwọn elépo wí lórí gáàsì tí wọ́n ń sun dànù ní Niger Delta.

Ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ lásán ni mò ń bá jà. Mo gbà pé ọ̀rọ̀ nìkan kì í dín ooru kù. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ọjọ́ náà ti ṣetán láti ṣe ohun tí a bá ní kó ṣe. Àdúrà ni gbólóhùn wa bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀, àdúrà náà ni ó sì fún wa. Ká ní a sọ fún un pé, "Ìyá, àwa ènìyàn ni a ń mú ayé gbóná," mo mọ̀ pé ì bá bi wá pé, "Àwọn wo nínú yín ni? Kí ni kí á wá ṣe?" Ìdáhùn sí ìbéèrè méjèèjì yìí, ní Yorùbá tí ó yè kooro, ni iṣẹ́ àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè yìí.