Àwòrán Vollard àti Ogun 1914

Ní ọdún 1915 ni Pablo Picasso fi pẹ́ńsùlù ya Ambroise Vollard, oníṣòwò àwòrán ní Paris. Ọkùnrin náà jókòó sórí àga, ó pa ọwọ́ pọ̀ sórí itan, irùngbọ̀n rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣeé kà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bẹ́ẹ̀ ní 1910, ayàwòrán kan náà ti fi ọ̀dà kun ọkùnrin yìí kan náà ní ìlànà Cubism, tí ojú rẹ̀ fọ́ wẹ́wẹ́ bí àfọ́kù dígí.

Àwọn alárìíwísí ní Picasso padà sẹ́yìn lọ bá Ingres, àgbà ayàwòrán Faransé. Òótọ́ ni, ìlà rẹ̀ tín-ín-rín, ó sì mọ́. Ṣùgbọ́n àlàyé yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ẹ jẹ́ ká wo ìlú náà fúnra rẹ̀. Braque ti gbọgbẹ́ lórí lójú ogun. Kahnweiler tí í ra iṣẹ́ Picasso jẹ́ ọmọ Jámánì. Ìjọba Faransé ti gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń pe Cubism ní iṣẹ́ ọ̀tá. Àjèjì ni Picasso, ọmọ Sípéènì tí kò lọ sógun. Ta ni yóò bá a ta ọjà? Vollard ló ṣáà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀ ní Paris ní 1901.

Ìkíni ni mo ka àwòrán yìí sí, ìkíni ẹni tó mọ ibi tí bàtà ti ń ta òun lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ kò pọ́n Vollard: ojú náà le, kò rẹ́rìn-ín. Picasso kò sì kọ Cubism sílẹ̀ rárá. Ọdún 1915 yìí náà ló kun Harlequin, tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ pátákó onígun mẹ́rin.