Ta ni Yóò Gbọ́ Àbọ̀? Àyẹ̀wò Ìpadàbọ̀ nínú Ìwé Anna Hinderer

Bí a bá dárúkọ ìwé tí ń jẹ́ Seventeen Years in the Yoruba Country, èyí tí a tẹ̀ jáde ní London ní ọdún 1872, ìtàn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọkàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Àwọn òpìtàn ti pín ìwé náà bí ẹni pín ẹran ọdún: ẹnì kan mú ogun Ìjàyè níbẹ̀, ẹlòmíràn mú ìbẹ̀rẹ̀ ìjọ Kúdẹtì, ẹnì kẹta mú oúnjẹ àti ọjà Ìbàdàn. Kò wọ́pọ̀ kí a rí ẹni tí ó kà á láti ojú-ìwé kìíní dé ìkẹyìn gẹ́gẹ́ bí ìwé tí ó ní ìhun tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìwé náà gbé ìṣòro kan kalẹ̀ tí ọjọ́ orí ogun àti orúkọ ìjòyè kò lè yanjú. Ìṣòro náà ni ìpadàbọ̀. Obìnrin tí a rán lọ sí ìdálẹ̀ nítorí iṣẹ́ ìhìnrere, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ó padà sí ìlú tí a ti bí i, ṣùgbọ́n ó ṣòro láti pe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àbọ̀ ní ọ̀nà tí Yorùbá fi ń lo ọ̀rọ̀ náà.

Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ kò gba kí a pẹ́ lórí rẹ̀. Ní Norfolk, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni a bí i ní 1827. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ó wà lọ́mọdé, ọ̀dọ̀ àlùfáà kan tí ń jẹ́ Cunningham àti ìyàwó rẹ̀ ní Lowestoft ni ó sì ti rí ìtọ́jú ẹni. Ní oṣù October 1852 ó fẹ́ David Hinderer, ọmọ Jámánì tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹ́ CMS, tí ó sì ti fojú rí Ìbàdàn ní 1851. Ní 1853 àwọn méjèèjì wọ Ìbàdàn, wọ́n kọ́ ilé, ilé-ìwé àti ilé ìsìn sí Kúdẹtì. Àìsàn mú kí wọ́n lọ sinmi nílé ní 1856, wọ́n sì padà dé ní 1858. Ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860. Ọ̀nà Èkó dí mọ́ wọn lójú. Ní 1865 ni Anna rí ọ̀nà jáde. Ó tún padà wá sí Ìbàdàn, ó tún lọ ní 1869, ó sì kú ní Martham, ní Norfolk, ní ọjọ́ kẹfà oṣù June 1870. Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀ kí ó tó ṣí ìwé náà rárá. Anna kọ́ ni ó ṣe é ní ìwé. Ìwé ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀ àti àwọn lẹ́tà tí ó kọ sí àwọn ènìyàn rẹ̀ ni àwọn mìíràn kó jọ lẹ́yìn ikú rẹ̀, tí wọ́n tò wọ́n tẹ̀lé ara, tí wọ́n sì fi ọ̀rọ̀ tiwọn dí àlàfo àárín wọn. Nítorí náà, ohùn méjì ni ó ń sọ̀rọ̀. Ohùn kìíní ni ti obìnrin tí ó rẹ̀, tí ó ń kọ̀wé nígbà tí àwọn ọmọ ilé ti sùn: ó ń sọ nípa ibà, òjò, iṣu tí ó wọ́n, ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ìwé kà. Ohùn kejì ni ti àwọn olùtò, ó ń dán bí ọ̀rọ̀ ìwàásù, ó sì mọ ibi tí ó fẹ́ kí ìtàn náà forí tì láti ojú-ìwé àkọ́kọ́. Ẹni tí kò bá ya ohùn méjèèjì yìí sọ́tọ̀ yóò ka èrò olùtò sí ọ̀rùn Anna. Àṣìṣe yìí wọ́pọ̀ nínú ìdáhùn àwọn olùdánwò, kì í sì í ṣe wọn nìkan.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá ni yóò tú ìṣòro ìwé náà palẹ̀ ju ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a fi kọ ọ́ lọ. Lẹ́nu Yorùbá, àbọ̀ kì í ṣe ìrìn-ẹsẹ̀ nìkan. Ẹni tí ó ti oko dé, a ní kí ó kú àbọ̀. Ẹni tí a rán níṣẹ́, a ní kí ó wá jábọ̀. Ẹni tí ó ń lọ, a kì í a pé ó dàbọ̀, ìyẹn ni pé, ó di ìgbà tí ó bá padà. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó so dídé, ìròyìn iṣẹ́ àti ìdágbére pọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni a rí i pé ajíhìnrere, láti inú orúkọ rẹ̀, jẹ́ ẹni tí ó ń jẹ́ iṣẹ́: jíjẹ́ tí a ń jẹ́ ìhìn náà ni a ń jẹ́ iṣẹ́, òun náà ni a ń jẹ́ àbọ̀. Ẹni tí ó bá jíhìn ní ìdálẹ̀ tí kò padà jábọ̀ nílé kò tíì parí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tí ó dìde nínú ọ̀ràn Anna ni pé, lẹ́yìn ọdún mẹ́rìndínlógún, ta ni ó ni àbọ̀ náà? Ṣé ẹgbẹ́ tí ó rán an ní London ni, tàbí àwọn ọmọ tí ń pè é ní Ìyá ní Kúdẹtì? Àwọn àgbà ní ẹni tí ó rán ni níṣẹ́ là á bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Òwe yìí rọrùn láti tẹ̀lé fún ẹni tí a rán lọ tí ó sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ di ìyá ńkọ́?

Àbọ̀ ti 1856 kò gba àtúpalẹ̀ púpọ̀. Ìsinmi ni, gbogbo ènìyàn sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀.

Ti 1865 ni ọkàn ìwé náà. Kí a rántí bí ọ̀ràn ti rí. Ogun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún márùn-ún. Owó ìtọ́jú kò lè ti Èkó dé. Tọkọtaya náà ti ta nǹkan inú ilé wọn láti bọ́ ara wọn àti àwọn ọmọ tí ó wà lábẹ́ wọn, ebi sì ti di ohun tí a ń kọ sínú lẹ́tà bí ẹni kọ nípa ojú ọjọ́. Ibí yìí ni ìkọ̀wé Anna dára jù lọ, nítorí kò ké ju bí ó ti yẹ lọ. Ó ka ohun tí ó kù, ó sọ ẹni tí ó ṣàánú wọn, ó tẹ̀síwájú. Nígbà tí Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó, rán Captain Maxwell láti gba ọ̀nà inú igbó wá yọ wọ́n, òru ni ó wọlé dé, wákàtí díẹ̀ péré ni wọ́n sì fún obìnrin náà láti múra. David kò lè bá a lọ, nítorí kò sí ẹni tí yóò dúró ti iṣẹ́ náà lójijì. Anna nìkan ni a gbé lé èjìká jáde nínú ìlú.

Kí olùkàwé Yorùbá wo ohun tí ó sọnù nínú wákàtí díẹ̀ yìí. Ní ilẹ̀ yìí, àlejò kan kì í dìde lójijì. A ń sìn ín sọ́nà, a ń bá a dé ẹ̀yìn odi, a ń wúre fún un, ọmọdé ń bá a gbé ẹrù dé ibi tí àgbà bá ti ní kí wọ́n padà. Ogun ni ó gba gbogbo èyí lọ́wọ́ Anna àti lọ́wọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Ó ń lọ sílé, ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀, àwọn ọmọ tí ó tọ́, àti ilé tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe ni ó ń fi sílẹ̀. Nínú ìtàn Yorùbá, bí a bá gbọ́ pé ẹnì kan ń sunkún bí ó ti ń ti ọ̀dọ̀ ọkọ àti ọmọ jáde, a ó rò pé wọ́n ń kó o lẹ́rú lọ ni. Níhìn-ín, a ń kó o lọ sí ìlú rẹ̀. Yíyí tí ọ̀rọ̀ náà yí padà yìí ni ó sọ ìwé náà di ohun tí ó ju ẹ̀rí ogun lọ, òun sì ni àwọn tí ń já ìwé náà jẹ fún ọjọ́ àti orúkọ kò rí.

Ó wúlò láti fi èyí wé àbọ̀ mìíràn tí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ mọ̀. Wọ́n mú Samuel Àjàyí Crowther lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821. Ní 1846, gẹ́gẹ́ bí àlùfáà CMS, ó pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Iṣẹ́ ìhìnrere ni ó gbé e dé ilé. Iṣẹ́ kan náà ni ó gba ilé lọ́wọ́ Anna, nítorí ó fi ilé kejì fún un, ilé méjì sì nira fún ènìyàn kan láti padà sí.

Ní ọdún tí ó tẹ̀lé ìpadàbọ̀ yìí, 1866, ìwé kan jáde tí ó kan ọ̀rọ̀ wa gidigidi. Òun ni Ìlọsíwájú Èrò-Mímọ́, ìtumọ̀ tí David Hinderer ṣe fún ìwé John Bunyan tí ó jáde ní 1678. Àwọn lámèyítọ́ ti sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ipa tí ìtumọ̀ yìí ní lórí D. O. Fágúnwà, ṣùgbọ́n wọn kì í sábà bi í pé inú ilé wo ni ó ti jáde. Inú ilé àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ẹ̀yìn sílẹ̀ ni. Bí Bunyan ti to ìtàn rẹ̀, Onígbàgbọ́ sá kúrò nílé, ìyàwó àti ọmọ ń ké tẹ̀lé e pé kí ó padà, ó sì fi ìka di etí. Èrò náà kò bọ̀. Iwájú ni ilé wà. Ọgbọ́n Yorùbá kò fi bẹ́ẹ̀ gba irú ìrìn yìí. Nínú Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀, tí ó jáde ní 1938, Fágúnwà gba ìrìn èrò náà lọ́wọ́ Bunyan, ó gba ewu ọ̀nà, ó gba ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ó kọ àìbọ̀ sílẹ̀. Àkàrà-ògùn wọ igbó, ó jáde. Ó lọ sí Òkè Láńgbòdó, ó bọ̀. Ó sì wá ẹni tí yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá jábọ̀, kò sí ìwé. Àtúnṣe tí Fágúnwà ṣe yìí kì í ṣe kékeré: ó sọ ìtàn ẹni tí ó sá lọ di ìtàn ẹni tí a rán.

Nígbà tí a bá fi ojú yìí wo òpin ìwé Anna, àbùkù rẹ̀ hàn gbangba. Àwọn olùtò mú un kúrò ní Ìbàdàn ní 1869, wọ́n mú un dé Martham níbi tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣe ìtọ́jú ìjọ, wọ́n sì yára sún un sí ibùsùn ikú. Láti ibẹ̀, ọ̀run nìkan ni wọ́n tún ń pè ní ilé. Wọ́n fi ìparí èrò-mímọ́ parí ìtàn obìnrin tí ó ti fi ọdún mẹ́rìndínlógún kọ́ bí a ti ń sọ ó dàbọ̀. Kò sí ẹni tí yóò bá wọn jà nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Òun náà ni ìgbàgbọ́ tirẹ̀. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà, ìparí yìí fo ìbéèrè tí lẹ́tà rẹ̀ ti béèrè. Kúdẹtì pòórá ní ojú-ìwé ìkẹyìn bí ẹni pé ibi iṣẹ́ lásán ni. Daniel Olúbí, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti ń bá wọn gbé láti ìbẹ̀rẹ̀, ni iṣẹ́ Ìbàdàn bọ́ sí lọ́wọ́. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ó yẹ kí ìtàn náà padà sí, ó kéré tán fún ìpín kan.

Àbùkù kejì wà, Anna fúnra rẹ̀ ni ó sì ni ín. Àwọn ará Ìbàdàn kò sọ̀rọ̀ nínú ìwé rẹ̀ àyàfi bí ọ̀rọ̀ wọn bá bá tirẹ̀ mu. Nípa òrìṣà àti àwọn tí ń bọ wọ́n, òkùnkùn nìkan ni ó rí, kò sì yẹ kí olùkọ́ jẹ́ kí ọmọ ilé-ìwé gba ìyẹn gẹ́gẹ́ bí àpèjúwe ìsìn Yorùbá. Ìyálóde àti àwọn obìnrin ọjà tí wọ́n fi inú rere hàn sí i wà níbẹ̀, a rí ẹ̀bùn wọn, a kò gbọ́ èrò wọn. Yéjídé, ọmọ ìjòyè tí ó wà lára àwọn ọmọ àkọ́kọ́ tí ó gbà sọ́dọ̀, jẹ́ ẹni ọ̀wọ́n fún un ní ojú-ìwé púpọ̀. Kí ni ọmọ náà rò ní àárọ̀ ọjọ́ tí Ìyá kò sí nílé mọ́? Ẹni tí ó ń kọ lẹ́tà ti wà lójú ọ̀nà nígbà náà.

Bí a bá ní kí olùdánwò kan tọ́ka sí ibi tí ìwé yìí parí sí, ojú-ìwé ìkẹyìn kọ́ ni ìdáhùn tí ó péye jù lọ. Lẹ́yìn tí a ti sin Anna ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lẹ́yìn tí àwọn olùtò sì ti tẹ ìwé wọn jáde, David Hinderer tún di ẹrù rẹ̀. Kò dúró ní Norfolk, bẹ́ẹ̀ ni kò padà sí Jámánì. Ilẹ̀ Yorùbá ni ó bọ̀, ó sì ti apá òkun wọ inú ilẹ̀ títí dé Oǹdó.