Ètò Tó Yẹ Kọ̀ǹpútà Àgbà

Nínú gbogbo iṣẹ́ tí àwa tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Tápà ń ṣe, yíyan ètò tí yóò máa darí ẹ̀rọ tó ti dàgbà ni mo kà sí iṣẹ́ ọpọlọ jù lọ. Bátìrì tó kú, owó ni yóò pààrọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí RAM rẹ̀ kò ju 2GB lọ, làákàyè ẹni tó fẹ́ fọ́ọ̀mátì rẹ̀ ni yóò sọ bóyá yóò tún wúlò tàbí yóò di àpótí lásán. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Iye RAM àti iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ẹ̀rọ ṣe ló yẹ kó yan ètò fún wa, kì í ṣe èyí tí ojú wa ti mọ́ra.

Ẹ wo ohun tí Microsoft fúnra rẹ̀ béèrè. Windows 11 fẹ́ RAM 4GB ó kéré tán, àyè ìpamọ́ 64GB, àti ẹ̀yà ààbò TPM 2.0 tí ẹ̀rọ àtijọ́ kì í sábàá ní. Wọ́n ní 2GB tó fún Windows 10 ti 64-bit, ṣùgbọ́n ìyẹn kàn tó láti tan ẹ̀rọ ni. Bí a bá ti ṣí Word àti Chrome pọ̀, RAM á kún, ètò á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ohun tí kò ráyè lọ sórí hard disk, èyí tí kò lè yá tó RAM láéláé. Iná ara ẹ̀rọ á máa ṣẹ́jú láìdúró, oníbàárà á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ètò náà gan-an ló wúwo jù fún un. Gbé ètò Linux tó fúyẹ́, bí antiX tàbí Debian pẹ̀lú ojú-iṣẹ́ LXDE, sórí ẹ̀rọ kan náà: nígbà tó bá tàn tán, ohun tó gbà nínú RAM kì í sábàá pé ìdajì 1GB. Èyí tó kù, LibreOffice àti bíráwúsà ló ni ín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀ ni ọ̀rọ̀ 32-bit àti 64-bit. Debian 13, tó jáde lóṣù kẹjọ ọdún 2025, kò ṣeé fi sórí ẹ̀rọ 32-bit mọ́, àmọ́ antiX 23 ṣì ní tirẹ̀. Kí a má sì ti ojú Windows tó wà lórí ẹ̀rọ dá a lẹ́jọ́ o: Core 2 Duo tí wọ́n fi Windows 32-bit sí gba 64-bit dáadáa. Prósẹ́sọ̀ ni kí a yẹ̀ wò kí a tó náwó dátà láti fi gba ètò sílẹ̀.

Àwọn kan á ní Windows 7 wọn ṣì ń ṣiṣẹ́, kí ló wá dé? Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti 14 oṣù kìíní 2020 ni Microsoft ti ṣíwọ́ àtúnṣe ààbò fún gbogbo ènìyàn lórí rẹ̀. Ti Windows 10 náà parí ní 14 oṣù kẹwàá 2025, àfi ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún. Ẹ̀rọ bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, tó ń gba fláàṣì ọwọ́ gbogbo ayé, tí wọ́n sì ń tẹ páásíwọ̀dù ọmọ ilé ìwé sí, kò yẹ kó wà láìláàbò. Àtakò tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ni ti àwọn tó ń fi CorelDRAW ṣe pósítà àti ìwé ìpè. Kò sí CorelDRAW òde òní fún Linux, n kò sì ní fi àfidípò rẹ̀, Inkscape, tan ẹni tí iṣẹ́ ọdún pípẹ́ rẹ̀ wà nínú Corel. Kí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ dúró sórí Windows rẹ̀, kí a yọ ọ́ kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì pátápátá. Ti Word kò le tó bẹ́ẹ̀: LibreOffice ń ṣí fáìlì rẹ̀, bí ìlà bá tilẹ̀ yẹ̀ díẹ̀, kí a sọ ọ́ di PDF kó tó lọ síbi ìtẹ̀wé. Àtẹ bọ́tìnnì Yorùbá ti wà nínú Linux pàápàá, a kì í wá a kiri. Ẹni tó bá lówó ẹ̀rọ tuntun, kó rà á. Ṣùgbọ́n olùkọ́ tó ń tẹ ìbéèrè ìdánwò kò nílò ju SSD kékeré àti RAM 2GB sí i lọ. Bí RAM bá sì jẹ́ 1GB péré, ó ṣòro kí ètò kankan mú fídíò YouTube ṣàn bó ṣe yẹ lórí rẹ̀; ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó ni ẹ̀rọ kó tó sanwó.

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi ní Ìbàràpá, láti Ayétẹ̀ dé Èrúwà, antiX àti ẹ̀dà live ti Debian ṣeé tàn láti orí fláàṣì láìfọwọ́ kan ohunkóhun nínú hard disk. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà tẹ ìwé lórí rẹ̀, kó dán prínńtà rẹ̀ wò, kí ẹ tó fọ́ọ̀mátì.