Àwọn Ọwọ́ Tí Kò Hàn Nínú Orin "Joromi"

Bí ìyáàlù bá ń fọhùn lójú agbo, òun ni gbogbo ènìyàn ń nawó fún; ṣùgbọ́n bí gúdúgúdú bá dákẹ́, ijó dàrú. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀rọ̀ "Joromi" rí, orin tí Victor Uwaifo, ọmọ bíbí ìlú Ìbìní, ṣe fún ilé iṣẹ́ Philips ní àárín àwọn ọdún 1960. Orúkọ tirẹ̀ ni ó dá yọ lára àwo náà. Àwọn yòókù di "Melody Maestroes" lápapọ̀. Nígbà tí àwo wúrà dé ní 1969, ọwọ́ ẹnì kan náà ni ó bọ́ sí.

Kò sí ẹni tí ó lè gba orin náà lọ́wọ́ Uwaifo. Òun ni ó gbé ìtàn akọni oníjàkadì láti inú àlọ́ ilẹ̀ Ẹ̀dó wá sórí okùn gìtá. Ṣùgbọ́n kí ni ó sọ ìtàn gígùn di orin kúkúrú bẹ́ẹ̀? Ojú kan àwo kékeré ìgbà náà kò gbà ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta sí mẹ́rin lọ. Àlọ́ tí àgbà lè fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ pa ní láti bá ìwọ̀n yìí mu. Nítorí náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe mọ níwọ̀n, tí gìtá, ìlù àti ohùn àwọn elégbè sì ń parí ohun tí ẹnu kò ráyè sọ. Àwọn kan lè rò pé ìwọ̀n yìí bu orin náà kù. Ní òdodo, òun ni ó jẹ́ kí ó ṣe ṣókí, kí ó sì wọni lára.

Uwaifo fúnra rẹ̀ mọ iṣẹ́ ẹ̀yìn aṣọ. Ó ti ta gìtá lẹ́yìn E. C. Arinze rí, ó sì ti ṣe ayàwòrán ní ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ní Èkó. Lẹ́yìn tirẹ̀ náà ni Sonny Okosun ta gìtá, kí ayé tó mọ̀ ọ́n dunjú pẹ̀lú "Fire in Soweto" ní 1977. Àbọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni pé, ní ìparí àwọn ọdún 1970, Uwaifo kọ́ ilé ìgbohùnsílẹ̀ Joromi sí Ìbìní. Iṣẹ́ tí àjèjì ń bá eléré ṣe ní ìkọ̀kọ̀ wá di iṣẹ́ ilé, ìró orin Ẹ̀dó sì yí padà.

Síbẹ̀, nígbà tí Uwaifo kú ní 2021, gìtá rẹ̀ ni gbogbo ẹnu ń ròyìn. Ó tọ́ sí i. Àmọ́ ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí. Alámèyítọ́ tí ó bá gbọ́ ìyáàlù nìkan kò tíì gbọ́ ìlù.