Fóònù Mọ Ìwé, Kò Mọ Bàbá Tó Sọ Ọ́

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro tẹnu mi fún yín. Lọ́jọ́ ìnáwó kan ní Ìsàlẹ̀ Èkó, a jókòó sí àgbàlá ilé ẹbí, à ń jẹ, à ń mu, ìtàn ń lọ. Bàbá kan tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ń ṣàlàyé pé láti ara "oko" ni orúkọ Èkó ti jáde. Kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ọmọkùnrin kan fi na fóònù rẹ̀ sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹ má bínú o, kò rí bẹ́ẹ̀. Ó wà níbí: èdè Bìní ni, ibùdó ogun ló túmọ̀ sí." Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pàtẹ́wọ́. Bàbá wò ó, ó mu omi díẹ̀, ó ní, "Ó dáa, kí fóònù máa bá a lọ." Kò tún sọ ìtàn kankan mọ́ títí a fi túká.

Ta ló jàre? Ọ̀rọ̀ oko àti ọ̀rọ̀ Bìní, méjèèjì ni wọ́n ti kọ sínú ìwé tipẹ́, n ò sì wá dá ẹjọ́ wọn lónìí. Ìdákẹ́jẹ́ Bàbá yẹn ló ń jẹ mí lọ́kàn. Wọ́n ní íntánẹ́ẹ̀tì ti mú kí ìmọ̀ pọ̀. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń tajà ní Ìdúmọ̀tà mọ̀ pé ohun tó bá kún ọjà, owó rẹ̀ kì í pẹ́ já wálẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò: The History of the Yorubas, tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ.

Ẹ wo ohun tí ojú rí kí ìwé yìí tó jáde. Ọdún 1897 ni Johnson, tó ń ṣe àlùfáà ní Ọ̀yọ́, kọ ọ́ tán. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí ìlú ọba fún títẹ̀. Ibẹ̀ ló sọnù sí. Johnson kú ní 1901 láì fojú kan ìwé rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, oníṣègùn ní Èkó níbí, ló kó àwọn àkọsílẹ̀ tó ṣẹ́ kù jọ, tó tún un kọ. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 1916, ìwé náà tún wà nínú ọkọ̀ ojú omi Appam tó ń lọ sí ìlú ọba. Ogun ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun Jámánì mú Appam lójú òkun, wọ́n sì gbé e gba Amẹ́ríkà lọ! Ó pẹ́ kí ìwé tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Dókítà náà kú ní 1920; 1921 ni ìwé jáde.

Ọdún mẹ́rìnlélógún gbáko. Lónìí, ọmọ Ìta Fájì kan lè rí gbogbo rẹ̀, ojú ewé tó lé ní 600, lórí Internet Archive, láì san ju owó dátà lọ. Ẹni tó bá ní èyí ò dáa, ó fẹ́ kí ìmọ̀ padà sínú àpótí olówó ni. Èmi ò sí lára wọn. Ká ní ẹ̀dà ìwé yẹn wà káàkiri nígbà náà bó ṣe wà lónìí, kí ni ogun Jámánì ìbá fi í ṣe?

Àmọ́ ẹ bá mi wò ó dáadáa. Àbùkù àkọ́kọ́ wà lára ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń sọ àwòrán ìwé di lẹ́tà kì í sábà mọ àmì orí àti abẹ́ lẹ́tà wa. Ó lè ka ọ sí o, tàbí kó kọ ìkọkúkọ. Ẹ wá orúkọ ìlú kan níbẹ̀ bó ṣe yẹ ká kọ ọ́, ẹ̀rọ lè ní kò sí, bẹ́ẹ̀ ó wà lójú ewé gedegbe. Ọmọ tí kò mọ èyí á pa ìwé dé, á ní Johnson ò sọ nǹkan kan.

Àbùkù kejì ló wúwo jù. Johnson kò dá ìtàn sọ. Ó dárúkọ àwọn tó sọ ọ́ fún un, bíi David Kukọmi ará Ìbàdàn àti Lágùnjú Tìmì Ẹdẹ; ó sì jẹ́ ká mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn arọ́kin Ọ̀yọ́ ni ìtàn ìgbà ìwáṣẹ̀ ti wá. Ìlà mẹ́ta tí wọ́n bá gé nínú rẹ̀ tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp kì í sábà ní orúkọ ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn kan sọ ti wá di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ pé arọ́kin Ọ̀yọ́ ló sọ ìtàn, á mọ ìdí tí Ọ̀yọ́ fi ga nínú rẹ̀ tí Èkó fi dà bí àlejò. Á mọ̀ pé ó yẹ kóun tún wá ìtàn Èkó tí J. B. Losi tẹ̀ ní 1914.

Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu wá níye lórí? Ní 1921 kan náà, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù dá Olóyè Àmọ́dù Tíjánì, Olúwa ti Èkó, láre lórí ilẹ̀ Àpápá. Àṣà ilẹ̀ wa ni wọ́n gbé ẹjọ́ náà kà, àṣà tó ti wà lẹ́nu àwọn àgbà kí òyìnbó tó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹnikẹ́ni lè ka ìdájọ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ibi tí ilẹ̀ ẹbí tìrẹ parí sí, àti orúkọ ìyá tó bí bàbá bàbá rẹ, Google ò lè bá ọ wá a. Ta ló sọ ọ́ fún un?

Ọmọ tó na fóònù sókè kò purọ́. Ohun tó kù fún un láti ṣe ni kó béèrè pé, "Bàbá, ta ló sọ tiyín fún yín?" Fóònù tó fi pa Bàbá lẹ́nu mọ́ yẹn náà lè gba ohùn sílẹ̀. Kó tẹ̀ ẹ́, kó dárúkọ Bàbá, kó dárúkọ agbolé, kó dá ọjọ́ rẹ̀. Johnson ṣe irú rẹ̀ láìní ju kálámù lọ.

Ẹ̀yin bàbá wa náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú dákẹ́. Ìwé Johnson sọnù, àbúrò rẹ̀ rí àkọsílẹ̀ tó fi tún un kọ. Èyí tó wà níkùn yín, tí ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni, kí ni a ó fi tún un kọ?