Ẹ̀yìn Aṣọ

Bí ọ̀rọ̀ aṣọ bá délẹ̀, ọwọ́ Ìyá Sàkétẹ́ ni mo máa ń rí. Àwọn ló kọ́ mi ní àǹkàrá títà ní Kalikak, níhìn-ín ní Libreville. Ká lọ rajà ní Mont-Bouët, ká nájà, ká fi ènì sí i, ìyẹn ò le. Títú aṣọ ló le.

Ìyá kì í tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ìṣẹ́po kan péré ni wọ́n máa ń ṣí. Wọ́n á yí i kí ẹ̀yìn aṣọ kọjú sí oníbàárà, wọ́n á ti ọwọ́ bọ abẹ́ rẹ̀ kí àwọ̀ lè yọ, wọ́n á wá dákẹ́. Àǹkàrá Vlisco tó ń ti Helmond wá, ní Netherlands, ẹ̀yìn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ojú rẹ̀, torí ojú méjèèjì ni ẹ̀rọ ń tẹ oje igi sí. Oje yẹn á gbẹ, á sán, aró á gba ibi tó sán wọlé, á sì fa ìlà tín-ín-tìn-tín tí kò jọra láti ọ̀pá kan sí èkejì. Ìlà yẹn ni Ìyá fẹ́ kí oníbàárà fojú ara rẹ̀ rí. Bí mo bá tọ́ka sí i, ìgbónwọ́ ni wọ́n á fi gún mi.

Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan na fóònù sí èèyàn pé kó yan aṣọ nínú àwòrán. Ṣé àwòrán ní ẹ̀yìn ni? Ayédèrú tí wọ́n kọ Vlisco sí létí ti kún ọjà. Ojú ń dán, ẹ̀yìn ti ṣá.

Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1994 ni wọ́n gé owó CFA sí ìdajì. Aṣọ gbówó lórí, ìsọ̀ dá páropáro. Obìnrin Fang kan wọlé, ó ń wá aṣọ tí ẹbí rẹ̀ á jọ wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ní òun ò lówó. Ìyá ṣí ìṣẹ́po kan. Obìnrin náà fi àtàǹpàkò ra etí aṣọ, ó yí i, ó tún un yí. Mo fẹ́ dá iye lé e, Ìyá tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó pẹ́ kí obìnrin náà tó béèrè bóyá á kárí.

"Màmá, ẹ má rà á fún gbogbo wọn," ni Ìyá wí. "Opó ni kẹ́ ẹ ra èyí fún. Ti Uniwax, láti Abidjan, ni kí àwọn yòókù wọ̀. Mo ní èyí tó bá a mu."

Èrè ni mo rò pé wọ́n ń lé lọ yẹn. Obìnrin náà fa àpótí, ó jókòó, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ná an. Ó ná an títí ilẹ̀ fi ṣú, ó sì tún gba òwú ìránṣọ ṣe ènì.